Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ni mo wà níbi iṣẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ò kúrò lójú kan

Àbẹ̀ní_Oníṣirò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ kan tó ń pín ọjà fáwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Ìkẹjà. Èmi ni mò ń ṣètò owó oṣù, èmi náà ni mò ń fi ìwé báńkì wé ìwé tiwa tí oṣù bá parí, kí n lè mọ ibi tí owó ti yàtọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí á mọ̀ pé kò fẹ́ ìdíwọ́. Ẹ ń wo ìlà kan lọ́wọ́, ẹnì kan pè yín, kí ẹ tó padà dé, ẹ ò mọ ibi tí ẹ dé mọ́, ó di kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wa jókòó sí: àwọn tó ń ta ọjà, àwọn tó ń rí sí mọ́tò, àti àwa oníṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó oníbàárà rẹ̀ ti wọlé á kàn yọjú, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó." Ẹgbẹ́ WhatsApp tiwa pọ̀. Ọ̀gá wa kì í fi íméèlì ránṣẹ́, ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ fún wa níbẹ̀, tó bá sì ti rí i pé a gbọ́ ọ tá ò fèsì, pípè ló kàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti dá gbogbo ayé lóhùn, ìwé báńkì ṣì wà níbi tó wà. Ìgbà táwọn yòókù bá lọ ni mo máa ń ráyè ṣe é, mo sì máa wá lọ bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abúlé-Ẹ̀gbá níbi tó ti ń dúró dè mí.

Ìjọba ò sì bìkítà pé wọ́n dí mi lọ́wọ́. Owó orí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, ti VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ọjọ́ 21, owó ìfẹ̀yìntì ò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ lẹ́yìn tá a bá ti san owó oṣù. Kí lẹ̀yin ń ṣe tí ọkàn yín fi ń dúró sójú kan? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà o, mò ń gbà á.

Kóòdù_Yábàá
Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Aago oníṣẹ́jú 25 ló ń ràn mí lọ́wọ́. Ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó wà ní yunifásítì. Ìwé kíkà ń sú u, ló bá mú aago ìdáná tó rí bíi tòmátì, ó ní òun ò ní dìde títí tí yóò fi dún. Ibẹ̀ ni orúkọ Pomodoro ti wá. Ẹ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25, ẹ sinmi fún 5. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ sinmi dáadáa. Bí èrò mìíràn bá yọjú láàárín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ sì pa ìró WhatsApp, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ọ̀gá_Ìtẹ̀wé
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ṣé ẹ rántí pé ẹni tó ń béèrè bóyá owó òun ti wọlé, owó rẹ̀ la fi ń san owó oṣù tí Àbẹ̀ní ń ṣètò? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun ní Ṣómólú. Bí oníbàárà bá pè mí tí n ò gbé e, ṣọ́ọ̀bù tó kàn ló máa yà sí, ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe fara kan ara ní Ṣómólú. Ẹ wá ní kí oníṣirò owó pa fóònù! Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ń to ìwé nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ọkàn òun ò pa pọ̀.

Jẹ́jẹ́_Layé
Bàbá, tí ojú ewé 16 bá ṣáájú ojú ewé 9 nínú ìwé ètò ìgbéyàwó, a á mọ ibi tí ọkàn wọn wà 😂

Ọ̀gá_Ìtẹ̀wé
Kì í ṣe lọ́dọ̀ tèmi. Lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ni.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọ ọ̀rọ̀ yìí, torí mo rí i pé bí ọkàn ènìyàn ṣe lágbára tó ni gbogbo wa ń sọ. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro Àbẹ̀ní wà.

Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, bàálù Eastern Air Lines kan já nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní Charlotte, ní North Carolina, Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ inú bàálù gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ mọ́tò àlòkù làwọn awakọ̀ náà ń bára wọn sọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru. Ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n o, kì í ṣe ọmọ kékeré. Ìjọba Amẹ́ríkà ò wá kó àwọn awakọ̀ jọ kí wọ́n máa wàásù fún wọn pé ẹ fọkàn síṣẹ́. Òfin ni wọ́n ṣe, lọ́dún 1981: bí bàálù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, tí kò tíì kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, awakọ̀ ò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú èrò náà ò sì gbọdọ̀ pè é torí tíì àti kọfí. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwa nọ́ọ̀sì náà yá a lò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba níbí, ẹni tó bá ń pín oògùn á wọ ẹ̀wù pupa kan lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má dí òun lọ́wọ́. Ẹ̀wù yẹn kì í ṣe idán. Àwọn aláìsàn kan máa ń bínú pé a ò fẹ́ gbọ́ tàwọn, ẹbí tó wá kí ènìyàn á sì ṣì bi ọ́ pé ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó yọ ẹrù kan kúrò lórí mi: kì í ṣe èmi ni mo gbéra ga, ìlànà wọ́ọ̀dù ni, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ìgbà tí yóò parí.

Àbẹ̀ní, èwo nínú iṣẹ́ yín ni ti ẹsẹ̀ bàtà 10,000? Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, àwọn tó yí yín ká ló yẹ kí òfin mú. Ẹ̀yin nìkan kọ́.

Olùkọ́_Ifẹ̀
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ohun táwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí nìyẹn. Gloria Mark, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Irvine, máa ń jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tòun ti aago lọ́wọ́, á máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀. Ó rí i pé bí wọ́n bá dá iṣẹ́ kan dúró mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 kí ó tó padà sórí rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn jókòó tó ń wòran. Iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe, bóyá méjì, kó tó rántí tàkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé "ẹ bá mi wò ó" kì í ṣe ìṣẹ́jú kan.

Obìnrin kejì, Sophie Leroy, fi hàn lọ́dún 2009 pé nígbà tá a bá fi iṣẹ́ tí kò tíì parí sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, apá kan nínú ọkàn wa á ṣì wà lórí èyí tá a fi sílẹ̀, a ò sì ní ṣe ìkejì dáadáa. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2018, wọ́n rí oògùn kékeré kan fún un: bí wọ́n bá dá yín dúró, kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ ibi tí ẹ dé àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìwé báńkì ni irú èyí wúlò fún jù lọ.

Kóòdù_Yábàá
Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ ti borí mi. Aago tòmátì ń ṣiṣẹ́ fún mi torí pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sì wà létí mi. Kò lè sọ fún ọ̀gá ènìyàn pé kó dákẹ́.

Àbẹ̀ní_Oníṣirò
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi lánàá, gbogbo ẹni tó bá dí mi lọ́wọ́, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó bá wá. Ó yà mí lẹ́nu. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn, ìbéèrè kan náà ni: owó lágbájá ti wọlé? Ọ̀gá tí mo rò pé ó ń yọ mí lẹ́nu jù ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí bébà náà, àmọ́ tó bá dé báyìí, ohùn tirẹ̀ máa ń gùn.

Ọ̀gá_Ìtẹ̀wé
Ẹ wò ó, bébà yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ níbí. Tó bá jẹ́ ìbéèrè kan náà ni, kí ló dé tí ẹ ń dúró kí wọ́n wá béèrè? Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ti sanwó, kí ẹ gbé e sí ojútáyé.

Ahunṣọ_Ìsẹ́yìn
Ẹ kú ìjókòó o. Aṣọ òkè ni mò ń hun. Iṣẹ́ tiwa ò jọ ti ọ́fíìsì, àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Lábẹ́ àtíbàbà kan náà la máa ń tẹ́ òfì wa sí, wọ́n tò lọ rẹrẹ, àwa tó ń hun á jókòó tira wa. À ń sọ̀rọ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ tá a fi ń hun aṣọ ń lọ, ó ń bọ̀, kò séwu, ìyẹn tó bá jẹ́ aṣọ tí kò ní iṣẹ́ ọnà lára. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ọnà sí i lára, tó ń ka òwú, a kì í bá a sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ọmọ iṣẹ́ tó bá pe ẹni tó ń ka òwú á gbọ́ èyí tó máa gbọ́.

Nítorí náà Bàbá Ìtẹ̀wé kò parọ́ pé ènìyàn lè ṣiṣẹ́ nínú ariwo. Ó dá lórí irú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni.

Èkejì: ẹ wá alábàáṣe. Lóko, àwọn bàbá wa máa ń ṣe àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ẹni tó ń dá ro oko rẹ̀ lè sùn sábẹ́ igi, ẹni tí àáró kàn ò jẹ́ sùn.

Ìyá_Méjì_Bódìjà
Àáró! Ohun tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe nìyẹn láìmọ orúkọ tí à bá pè é. Iṣẹ́ ìtumọ̀ la ń ṣe nílé, èmi n'Ìbàdàn, òun l'Ábẹ́òkúta. A máa pe ara wa lórí fóònù, a ó sọ ohun tá a fẹ́ parí, a ó pa ohùn, kálukú á máa ṣe tirẹ̀. Tí wákàtí bá pé, a ó tún tan ohùn, "ṣé ó parí?" Bí mi ò bá ṣe é, ojú á tì mí.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ máa dúpẹ́. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá, tèmi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, kò sì mọ òfin bàálù. Iná ló ń bá mi to ọjọ́ mi. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti pín wa sí Band A tó yẹ kó ní iná wákàtí 20, àti àwa yòókù, mo mọ̀ pé àárọ̀ kùtù ni tèmi. Ohun tó bá fẹ́ ọpọlọ, kí àwọn ọmọ tó jí ni. Fífi íméèlì ránṣẹ́ àti kíkọ ìwé owó, ìyẹn lè dúró de ariwo.

Jẹ́jẹ́_Layé
Wọ́n ní téèyàn bá ṣe nǹkan fún ọjọ́ 21, ó ti di bárakú nìyẹn. Ẹ ṣáà fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àbẹ̀ní.

Olùkọ́_Ifẹ̀
Àbúrò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 yẹn kì í ṣe òótọ́. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 96 tí wọ́n fẹ́ sọ ohun kékeré kan di ìṣe ojoojúmọ́, bíi kí ènìyàn mu omi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Tá a bá to ọjọ́ tí kálukú wọn lò láti kékeré dé ńlá, ọjọ́ 66 ló bọ́ sáàárín. Ó yá àwọn kan ní ọjọ́ 18, ti àwọn mìíràn lè tó ọjọ́ 254. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó fo ọjọ́ kan ò pàdánù iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá pàdánù wákàtí yín lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àbẹ̀ní_Oníṣirò
Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó le ló kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé kó má pè mí? Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti bàbá mi ni. Mi ò lè wọ ẹ̀wù pupa ní Ìkẹjà.

Ọ̀gá_Ìtẹ̀wé
Èmi ni ọ̀gá níbí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá bá mi pé ariwo pọ̀, etí dídi ni mo máa kọ sí i. Bó bá wá sọ pé "sà, àṣìṣe wọ ìwé tá a tẹ̀ lóṣù tó kọjá torí pé mo ń gbé fóònù," mo ti jókòó. Owó ló ń la etí wa. Torí náà, ẹ má sọ ohun tí ẹ ò fẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ dáàbò bò fún un, ẹ fún un ní wákàtí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ẹ sì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tó lè gbà rí yín bí ilé bá ń jó. Ọ̀gá tí kò bá rí ọ̀nà yẹn á rò pé ẹ fẹ́ sá fún òun.

Ẹ má ṣe é lójú àwọn èèyàn o. Ẹ lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, kí ẹ tó wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Ẹ̀gbọ́n Ìtẹ̀wé ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí èmi máa kọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ nìyí, ẹ tún un ṣe bó ṣe bá yín lára mu:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún yín, kí àṣìṣe má bàa wọ owó oṣù àti owó orí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yọ̀ǹda aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá fún mi láti máa fi ṣe ìwé báńkì, láti ọjọ́ 25 títí di ọjọ́ 5. Orúkọ àwọn oníbàárà tí owó wọn ti wọlé yóò máa wà lórí ẹgbẹ́ àwọn olùtajà kí n tó bẹ̀rẹ̀, ní aago méjìlá, àti ní aago mẹ́ta. Bí ohun pàjáwìrì bá wà, ẹ pè mí, màá gbé e. Gbogbo ohun tó bá wà lórí WhatsApp, màá fèsì ní aago mọ́kànlá. Ẹ ṣé, sà."

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo oṣù. Kò sí awakọ̀ tó ń dákẹ́ láti Èkó dé London.

Ọ̀gá_Ìtẹ̀wé
Èyí tó máa wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó ti jáde kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Bí ẹrù kan bá dúró torí ẹ, wọ́n á fagi lé gbogbo ètò yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àbẹ̀ní_Oníṣirò
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù ti parí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ọ̀gá gbà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti di gómìnà ni, àmọ́ nígbà tí mo fi ibi tá a ti san owó orí òṣìṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì hàn án, ó ní kí n máa bá a lọ. Àwọn olùtajà ò wá sídìí tábìlì mi mọ́ láàárọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ nínú wọn tí kò gbà, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé wọ́n rí orúkọ lórí WhatsApp tán wọ́n á tún fẹsẹ̀ rìn wá wò ó. Ọ̀gá ṣì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kì í pè mọ́ tí mi ò bá fèsì. Ìwé báńkì parí kí ọjọ́ 5 tó pé. Mi ò sì bá ilẹ̀ ṣú ní ọ́fíìsì bí tàtẹ̀yìnwá.

Wàhálà tuntun ni pé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́, èmi fúnra mi ni mò ń mú fóònù. Mo kàn máa rí i lọ́wọ́ mi, mò ń wo aṣọ ẹbí ẹni tí mi ò mọ̀.

Olùkọ́_Ifẹ̀
Ọ̀pọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí Gloria Mark tí mo mẹ́nu bà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìdádúró tó jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ dúró. Ẹ gbé fóònù sínú dúrọ́ọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọ̀gá àti ti iléèwé ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa dún. Ẹ má dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ìyẹn ò jìnnà tó.

Ìyá_Méjì_Bódìjà
Tàbí kí ẹ wá sí àáró wa. Àyè ẹnì kan ṣì wà, a sì máa ń béèrè lóòótọ́.

Kóòdù_Yábàá
Àǹtí Àbẹ̀ní, ṣé ẹ lè fi Excel tí ẹ fi ń to orúkọ àwọn tó sanwó yẹn ránṣẹ́? Mo rò pé mo lè kọ ohun kékeré kan tó máa fà á jáde fúnra rẹ̀ láti inú ìwé báńkì, kí ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àbẹ̀ní_Oníṣirò
Ọlọ́run á bù kún ẹ. Mo gbọ́dọ̀ yọ orúkọ àwọn oníbàárà kúrò nínú rẹ̀ ná. Màá gbé e síbí lọ́la, tó bá ti kọjá aago mọ́kànlá.